Ẹgbẹ̀rún Ọkọ, Ìyà Ẹnìkan

Nígbàtí I. B. Thomas ńtẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde l'ọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú ìwé-ìròhìn rẹ̀, Akéde Èkó, l'ãrin 1929 àti 1930, ọ̀pọ̀ ènìà gbà pé obìnrin nã wà ní tõtọ́. Èyí kò yani l'ẹ́nu. Thomas dárúkọ àdúgbò, ó dárúkọ títì, ó sì fi orin tí ará Èkó mọ̀ sí obìnrin nã l'ẹ́nu. Ní ti èyí, mo kí i kú iṣẹ́.

Ìdájọ́ inú ìwé nã ni mo fẹ́ bá jà. Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, Ẹlẹ́gbẹ̀rún Ọkọ L'áiyé, ni a pe Sẹ̀gilọlá. Ọkọ jẹ́ ẹgbẹ̀rún, ṣùgbọ́n ẹnìkanṣoṣo ni àìsàn dá dùbúlẹ̀ tí ó ńsunkún ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó kù sí wa l'ọ́wọ́ ni pé kí ọmọbìnrin ṣọ́ra. Bí a ti ńbá ẹrú wí ni à ńbá ọmọ wí; kíni ṣe tí a kò bá ìlú nã wí?

Ẹlòmíràn yíò ní akọ̀wé ni Thomas, kì íṣe ẹnití ńla títì. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé ti gba Èkó kan kí ìtàn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ní 1924 ni àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ńkó ràn ènìà wọ ìlú, nítorí rẹ̀ ni ìjọba sì ṣe dá ìgbìmọ̀ L.E.D.B. sílẹ̀ ní 1928 láti tún Èkó ṣe. Ojú kan nã ni ìgbìmọ̀ yĩ àti ìwé nã fi wo ìlú: ọ̀kan rí ìdọ̀tí ilé, èkejì rí ìdọ̀tí ìwà. Kò sí èyí tí ó bèrè ohun tí ó so àwọn ènìà pọ̀ mọ́ ibẹ̀.

Ní 1955, L.E.D.B. bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé l'ãrin gbùngbùn Erékùṣù Èkó, nwọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris kọ ohun tí ó rí sínú ìwé ní 1961: ẹbí túká, owó ọkọ̀ wọ́n àwọn ènìà l'ọ́rùn, àwọn obìnrin oníṣòwò sì pàdánù oníbàárà. Ilé títun dára, ṣùgbọ́n ọjà àti ará kò bá nwọn dé ibẹ̀. Síbẹ̀, ní July 1990, ìjọba ológun tún wó Maroko, ibùgbé nǹkan bí 300,000 ènìà. Orí bíbẹ́ kọ́ ni õgùn orí fífọ́.

Èmi kò sọ pé ìtàn Sẹ̀gilọlá ni ó wó ilé ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ńsọ ni pé bí ìtàn bá ti kọ́ wa láti máa rí ìlú bí ibi ẹ̀ṣẹ̀ nìkan, a kò ní í rí ọ̀rọ̀ sọ nígbàtí a bá ńpe wíwó ní ìmọ́tótó.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̃ tí ẹ ńkọ ìtàn ìlú ńlá l'ónĩ, ẹ máṣe fi àdúgbò àti títì sílẹ̀. Thomas ti kọ́ wa ní èyí. Ṣùgbọ́n ẹ fi kún un. Ẹ jẹ́ kí a mọ iye tí Sẹ̀gilọlá tiyín ńsan l'órí yàrá, ẹnití ó ni ilé nã, àti aládũgbò tí yíò gbé omi gbígbóná wá bí ibà bá mú u l'óru.