Amp Inú Yàrá Ló Ń Kọ́ Béèsì Ní Ìdákẹ́

Tí a bá lọ sí òde àríyá tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, tí gìtá béèsì kàn ń hùn tí a ò mọ ìró kan yàtọ̀ sí òmíràn, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ la máa ń bú. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló jẹ̀bi o. Lójú tiwa, ilé ni ọ̀pọ̀ wàhálà yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wò ó. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń dánra wò láì so gìtá mọ́ nǹkan kan. Béèsì tí a ò so mọ́ amp kì í dún sókè, ọwọ́ á wá máa fi agbára fa okùn kí etí lè gbọ́. Kò ní pẹ́ tí agbára yẹn á fi di bárakú. Tó bá wá di ọjọ́ Àìkú, tí wọ́n so ó mọ́ sípíkà ńlá, ó di gbì, gbì, gbì.

Àwọn mìíràn ń fi fóònù gbé ohùn rẹ̀ jáde. Okùn tó nípọn jù lára béèsì olókùn mẹ́rin ń gbọ̀n bí ìgbà 41 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Sípíkà fóònù ò lè gbé ìyẹn. Amp gìtá líìdì ńkọ́? Tí ẹ bá yí i sókè jù, sípíkà rẹ̀ lè ya.

Ẹ tẹ́tí sí "Water No Get Enemy" tí Fela gbé jáde ní 1975. Ó tó bí ìṣẹ́jú 11, béèsì sì ń yí po lórí ìlà kékeré kan. Àlàfo ló jẹ́ kó dùn: ibi tí ohùn ti dúró kí ìlù lè sọ tirẹ̀. Ìdádúró yẹn ni amp béèsì kékeré máa ń tú fó. Tí ìka bá pẹ́ lórí okùn, ẹ ó gbọ́. Tí okùn tí ẹ ò fọwọ́ kàn bá ń dún, ẹ ó gbọ́.

Wáàtì 15 sí 25 ti tó fún yàrá. Tí ohùn bá wà nílẹ̀, etí ènìyàn kì í gbọ́ ìsàlẹ̀ dáadáa. Ẹ má torí ìyẹn yí béèsì sókè, torí ògiri ò lè dá a dúró, aládùúgbò á kanlẹ̀kùn. Ẹ gbé amp kúrò nílẹ̀, ẹ gbé e sórí àga. Tó bá di òru, ẹ lo íápíìsì.

Ẹ ó ní, níbo lowó wà, níbo niná wà? Òótọ́ ni. Àmọ́ àwọn kan ń lo bátìrì, ẹni méjì sì lè dáwó ra ẹyọ kan. Ẹni tó bá ń tọ́jú owó gìtá kejì ni a ò gbà fún: amp ló kàn, jàre.