Àwọn Tó Ń Sọ Ìtàn Irúgbìn

Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n: bí a bá ro oko tán, èpò á tún yọ. Ní Beltsville, ní Prince George's County, ìpínlẹ̀ Maryland, ni wọ́n ti rí apá kan ìdí rẹ̀. Ní 1952, Harry Borthwick, Sterling Hendricks àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ibùdó ìwádìí ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà kéde ohun tí wọ́n rí lára irúgbìn lẹ́tíùsì. Bí wọ́n bá tan ìmọ́lẹ̀ pupa sí i, ó ń hù. Bí wọ́n bá tẹ̀ lé e pẹ̀lú pupa kejì, èyí tí ojú wa kì í fi bẹ́ẹ̀ rí, oorun ni ó ń padà sí. Èyí tó bá kẹ́yìn ni irúgbìn ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Àwọn tí mo fẹ́ kan sáárá sí ni àwọn tó ń gbé irú ọ̀rọ̀ yìí kúrò nínú yàrá ìwádìí wá bá wa. Iṣẹ́ ńlá ni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í fi orúkọ ẹlẹ́nu líle bẹ̀rẹ̀. Ọkọ́ ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Yóò ní: nígbà tí ọkọ́ yí ilẹ̀ padà, irúgbìn tó sùn lábẹ́ rí ìmọ́lẹ̀ fírí, ìyẹn sì tó o.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́ fún ìyá mi lórí fóònù. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

“Ṣé àwa la wá ń jí wọn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”