USBasp, Ẹ̀rọ Onísùúrù

Ní BloLab, ilé iṣẹ́-ọwọ́ ìgbàlódé kan ní Kútọnu, àwọn ọ̀dọ́ ti to àlòkù ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sínú kẹ́ẹ̀gì, kẹ́ẹ̀gì sì di kọ̀ǹpútà. Jerry ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá dé ibẹ̀ kò ní pẹ́ dé ìdí microcontroller, chip kékeré tó ń darí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n òfìfo ni chip tuntun. Ohun tí yóò ki ètò sí i lórí ni wọ́n ń pè ní programmer. Nínú gbogbo èyí tí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ najú ti ṣe, USBasp, iṣẹ́ ọwọ́ Thomas Fischl ará Jámánì, ló wù mí jù.

Ẹ wo bí ohun tó wà lórí pátákó rẹ̀ ṣe mọ níwọ̀n: ATmega8 kan, kírísítà 12 MHz kan, àti àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ díẹ̀. ATmega8 kò ní USB nínú rárá. Kàkà kí Fischl fi chip mìíràn kún un, ó lo ètò tí ilé-iṣẹ́ Objective Development ní Austria kọ, tó ń mú kí chip náà fúnra rẹ̀ sọ èdè USB. Owó dín, lẹ́ẹ̀dì tí a ó jó náà dín.

Sùúrù ni ọgbọ́n rẹ̀ tó jinlẹ̀ jù. Yóò kọ́kọ́ fa ẹsẹ̀ RESET ti chip tí a fẹ́ ki ètò sí wálẹ̀, yóò fi kóòdù AC 53 kí chip náà, yóò sì máa retí kí chip dá 53 padà. Bí èsì kò bá wá, iṣẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìkíni ni ìbéèrè orúkọ: bó bá jẹ́ ATmega328P, 1E 95 0F ni yóò dáhùn.

Iyára 375 kHz ni USBasp fi ń sọ̀rọ̀. Àmọ́ aago ATmega8 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-iṣẹ́ dé kò ju 1 MHz lọ, kò sì lè gbọ́ ohun tó bá yá ju ìdámẹ́rin aago rẹ̀ lọ. Fischl ti ro èyí sílẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì kan wà lórí pátákó. Ẹ so wọ́n pọ̀, iyára á já wálẹ̀ sí nǹkan bí 8 kHz.

Ta ni yóò wá ki ètò sórí ATmega8 ti programmer fúnra rẹ̀? Arduino Uno tó ní ètò ArduinoISP lè ṣe é. Lẹ́yìn ìyẹn, USBasp àkọ́kọ́ á lè ṣe ti èkejì. Fischl kò sì fi nǹkan kan pamọ́: àwòrán iná rẹ̀ àti ètò inú rẹ̀ wà ní gbangba. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó mọ lẹ́ẹ̀dì í jó, ẹ má wulẹ̀ rà á. Ẹ ṣe é fúnra yín, kí ẹ sì fi ti yín ki ètò sórí ti ẹni tó kàn.