Sinimá Inú Ọkọ̀

Bí a bá fi ojú iṣẹ́ ọnà nìkan wò ó, sinimá inú ọkọ̀ kò yẹ fún ìyìn tí ọ̀pọ̀ àgbà ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń yìn ín. Richard Hollingshead ni ó ṣí èkíní ní ẹ̀bá ìlú Camden, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ní ọdún 1933. Olúkúlùkù a wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ gun orí ebè tí ó gbé imú ọkọ̀ sókè, a sì jókòó sínú rẹ̀ wo ògiri funfun gàgàrà. Ẹ̀gbẹ́ ògiri náà nìkan ni ẹ̀rọ ohùn wà: òṣèré á ti pa ẹnu dé kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó dé etí àwọn tí ó wà lẹ́yìn.

Kí ni wọ́n wá ń yìn? Mo rò pé ààyè náà ni. Hollingshead kéde pé kí gbogbo ẹbí máa bọ̀, bí ó ti wù kí àwọn ọmọ wọn pariwo tó. Ìyá tí a ì bá fojú burúkú wò nínú gbọ̀ngàn nítorí ẹkún ọmọ rẹ̀ rí ibi jókòó sí. Ọ̀pọ̀ eré dáradára ni kò ṣe tó bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni! Ní ọdún 1958 irú pápá bẹ́ẹ̀ tó bí 4,000. Lẹ́yìn náà tẹlifíṣọ̀n wọ ilé, ilẹ̀ ẹ̀bá ìlú di ọ̀wọ́n, a sì ta púpọ̀ nínú wọn fún àwọn tí ń kọ́ ilé ìtajà.