Jonas Kú ni, àbí Ó Gúnlẹ̀? Ìparí The Giver Lójú Àwọn Òǹkàwé Agric

Láti ọdún 1993 tí Lois Lowry ti gbé The Giver jáde ní Amẹ́ríkà, ìbéèrè kan náà ni àwọn ọmọdé ń bi í ṣáá: ọmọkùnrin yẹn, ṣé ó kú ni àbí ó yè? Ìwé náà gba àmì ẹ̀yẹ Newbery ní 1994, àwọn òbí kan ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nílé ẹ̀kọ́, àwọn olùkọ́ kan ní kò síwèé tó dára tó o. Síbẹ̀ ojú ìwé tó kẹ́yìn ni ìjà wà. Ìjà náà ti dé Agric níbí, ní Ìkòròdú, láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń ra ìwé àlòkù lọ́wọ́ àwọn tó ń pàtẹ rẹ̀ sílẹ̀ létí títì, tàbí tí wọ́n ń kà á lórí fóònù nínú BRT tó ń lọ sí Mile 12. Mo ti gbọ́ tọ̀tún tòsì wọn. Èmi náà ní tèmi láti sọ.

Fún ẹni tí kò tíì kà á: Jonas jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá tó ń wọ méjìlá, ní ìlú kan tí kò sí ogun, kò sí ebi, kò sí àwọ̀, kò sí òkè. Àwọn àgbà ìlú ló ń yan iṣẹ́ fúnni, àwọn ló ń yan ìyàwó, àwọn ló ń pín ọmọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ru ìrántí gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láyé rí, kí àwọn yòókù lè máa sun oorun wọn. Jonas ni wọ́n yàn pé kó gba ẹrù yìí lọ́wọ́ bàbá arúgbó tó ń rù ú, ìyẹn Afúnni. Bàbá á gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, ìrántí á wọ ọmọ lára: oòrùn, òtútù, egungun tó kán, ojú ogun. Nígbà tó yá, ọmọ yìí rí i bí bàbá tirẹ̀ gan-an, tó ń tọ́jú ìkókó, ṣe gún ìkókó kan lábẹ́rẹ́ pa tó sì jù ú nù. Ìtúsílẹ̀ ni wọ́n ń pè é. (Àwa náà ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń bo ikú lójú, ọba a máa wàjà, àgbà a máa papò dà, àmọ́ ọ̀wọ̀ la fi ń bọ̀ fún òkú. Tiwọn, apani ni wọ́n fi ń bò.) Gabriel, ọmọ ọwọ́ tó ń sùn ní yàrá Jonas, ló kàn. Jonas gbé e, ó gun kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ lóru, ó di Ibòmíràn. Òun àti Afúnni ti jọ mọ̀ pé bó bá ti kúrò, ìrántí tó wà lára rẹ̀ á padà sórí àwọn ará ìlú. Bàbá dúró sílé láti ran wọ́n lọ́wọ́ tí ìrora bá dé.

Ìparí rẹ̀ rèé. Oúnjẹ ti tán, ẹsẹ̀ ọmọ náà ti rọ́, òjò dídì ń rọ̀. Ó gun òkè kan tipátipá, ó sì bá sílẹ́ẹ̀dì lórí rẹ̀, ìyẹn ọkọ̀ kékeré tí kò ní táyà, tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí òjò dídì. Òun àti Gabriel jókòó sí i, wọ́n yọ̀ sọ̀kalẹ̀. Ó rí iná aláràbarà lójú fèrèsé àwọn ilé, ó gbọ́ orin níwájú. Ó wá dà bíi pé ó gbọ́ orin lẹ́yìn pẹ̀lú, láti ìlú tó fi sílẹ̀, àmọ́ bóyá gbohùngbohùn lásán ni. Ó parí. Àwọn onímọ̀ èdè wa ń pe gbólóhùn tó ní ìtumọ̀ méjì ní pọ́n-na. Odidi ìparí ìwé yìí, pọ́n-na ni.

Àwọn tó ní ó kú kì í ṣe aláìnírònú o. Ẹ wo ẹ̀rí wọn. Ìrántí àkọ́kọ́ pàá tí Afúnni fún Jonas, sílẹ́ẹ̀dì lórí òkè olójò dídì ni. Ìrántí tí Bàbá fẹ́ràn jù, ẹbí kan ni, ọjọ́ Kérésìmesì, iná aláwọ̀ lára igi, ìyá àgbà àti bàbá àgbà nínú ilé kan náà. Ṣé ẹ rí i báyìí? Gbogbo ohun tí ọmọ náà rí ní ìparí, ó ti rí i tẹ́lẹ̀ nínú orí. Ta ló gbé sílẹ́ẹ̀dì sórí òkè dè é? Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé ẹni tí òtútù bá ń pa lọ, tó bá kù díẹ̀, ooru ló máa ń ṣe é, oorun á sì máa kùn ún. Lójú tirẹ̀, kò sí àríyànjiyàn kankan níbẹ̀, àmì àìsàn ló ń kà.

Ẹ̀rí yìí wúwo. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí púpọ̀ nínú wọn fò kọjá. Kí Jonas tó kúrò nílé, Afúnni fẹ́ fún un ní orin. Orin ni Bàbá ti ń gbọ́ láti kékeré, òun ni ẹ̀bùn tirẹ̀, bí rírí àwọ̀ ṣe jẹ́ ẹ̀bùn Jonas. Jonas kọ̀ ọ́. Ó ní kí Bàbá fi í pamọ́, kó lè rí nǹkan fi tu ara rẹ̀ nínú lẹ́yìn tí òun bá lọ. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ síbí. Bí gbogbo ohun tó wà lórí òkè yẹn bá jẹ́ àpò ìrántí tó ń tú sílẹ̀ lójú ikú, níbo ni orin ti wá? Sílẹ́ẹ̀dì wà nínú àpò, iná wà nínú àpò. Orin kò sí níbẹ̀, torí ó kọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Òǹkọ̀wé sì rí i dájú pé a mọ̀ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ọmọ náà máa gbọ́ ohun tó ń jẹ́ orin. Bákan náà, nígbà tó débi òkè, ìwé sọ pé ohun tó ń rántí kì í ṣe èyí tí ẹlòmíràn gbé lé e lọ́wọ́ mọ́, tirẹ̀ ni. Èmi ò ní èyí parí ẹjọ́. Ẹni tó ń kú lè gbọ́ ohun tí kò gbọ́ rí. Àmọ́ bí wọ́n bá ní kí n gbé e sórí ìwọ̀n, orin yẹn tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ìyè.

Ohun kan wà tí òǹkàwé Agric fi ju ti Boston lọ, ìyẹn ni pé òjò dídì kò yé e. Ilẹ̀ wa nìyí, ọ̀sà lápá kan, ilẹ̀ pẹrẹsẹ lápá kejì. Inú Bíbélì ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ pàdé ọ̀rọ̀ náà, òjò dídì, láì mọ bó ṣe rí lọ́wọ́. Ọmọ Boston ti mọ òtútù náà kó tó ṣí ìwé. Ọmọ Agric gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn bí Jonas ṣe gbà á, láti inú ìrántí ẹni tí kò mọ̀ rí. Àìmọ̀ tí wọ́n ní ó ń dí wa lọ́wọ́ nínú ìwé òyìnbó ló sún mọ́ ojú tí Jonas fi wo nǹkan jù.

Láàárín àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀, ìtumọ̀ kẹta kan jáde tí n kò tíì rí lọ́wọ́ òyìnbó kankan. Ọkùnrin kan ló sọ ọ́, bí ẹni ń ṣàwàdà: àkúdàáyà ni Jonas. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì gbẹ lẹ́nu wa. Àkúdàáyà ni ẹni tó kú nílùú kan, tó tún lọ ń gbé nílùú mìíràn pẹ̀lú ẹran ara, tó ń tajà, tó ń gbéyàwó, tó ń bímọ, títí ẹni tó mọ̀ ọ́n á fi dé tí òun á sì pòórá. Lábẹ́ ìtumọ̀ yìí, “kú ni àbí ó dé” kì í ṣe ìbéèrè méjì. Ó kú, ó sì dé. Ibòmíràn, tó jẹ́ irọ́ tí wọ́n fi ń bo ìpànìyàn nílùú Jonas, ti wá di ìlú gidi. N kò rò pé Lowry ní in lọ́kàn. Àmọ́ kò sí ohun kan nínú ojú ìwé tó kẹ́yìn tó ta ko ó.

Lowry fúnra rẹ̀ kò kọ́kọ́ dá sí i. Nínú ọ̀rọ̀ tó sọ nígbà tó gba Newbery, ó ní ìparí tó tọ̀nà kan ṣoṣo kò sí, olúkúlùkù á fi ìgbàgbọ́ àti ìrètí rẹ̀ wá tirẹ̀. Ó tilẹ̀ mẹ́nu ba lẹ́tà ọmọ kan tó ní òbìrí ni Jonas ń rìn yí ká, pé ìlú rẹ̀ àtijọ́ ló padà dé, tó ti yí padà. Ìtumọ̀ ọmọ yẹn dùn mọ́ mi púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni òǹkọ̀wé wá ja ara rẹ̀ níyàn. Nínú Messenger, ní 2004, ọmọkùnrin kan tó ti di Aṣáájú ìlú wà, sílẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sì wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé. Nígbà tí Son máa jáde ní 2012, Jonas ti dàgbà, Gabriel náà ti di géńdé. Fíìmù 2014 tí Phillip Noyce darí gbá ìyókù mọ́lẹ̀: a rí i kedere bí ìrántí ṣe padà, bí àwọ̀ ṣe kún ìlú.

Ṣé ó yẹ kí òǹkọ̀wé padà wá ti ilẹ̀kùn tó ti ṣí sílẹ̀? Lójú tèmi, Son ìwé dáadáa ni, àmọ́ kò láṣẹ lórí The Giver. Ẹni tó ka ìwé ní 1993 kò ní Son lọ́wọ́. Ẹni tó rí ẹyọ kan rà lórí àtẹ ìwé àlòkù ní 2024 náà kò ní in.

Ohun tó wá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí gbóná ní Agric ju bó ṣe yẹ lọ, kò sí nínú ìwé rárá. Ìgbà jápa la wà. Kò sí àdúgbò tí ẹnì kan kò ti lọ, ẹlòmíràn lọ́nà tààrà, ẹlòmíràn gba aṣálẹ̀ dé Líbíà. Ìbéèrè tí àwọn ìyá kan ń bi ara wọn lálẹ́ kò yàtọ̀ sí ti òǹkàwé yìí: ọmọ mi, ṣé ó gúnlẹ̀ ni, àbí ọ̀nà ló sùn sí? Fóònù kò lọ mọ́. Wọ́n rí iná nínú fọ́tò kan tó fi ránṣẹ́, lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́kẹ́ pa. Nítorí náà nígbà tí ọ̀dọ́ kan bá yarí pé Jonas kò kú, ẹ má kánjú pè é ní ọmọdé tí kò mọ̀wé kà. Kì í ṣe Jonas nìkan ló ń gbèjà.

Àmọ́ mo fẹ́ kí a kíyè sí ibi tí etí Jonas wà ní gbólóhùn ìkẹyìn. Kì í ṣe iwájú. Iná wà níwájú, àwọn tó ń dúró dè é wà níwájú, síbẹ̀ ẹ̀yìn ló ń tẹ́tí sí. Bó kú, bó yè, ìrántí ti padà sílé. Rosemary, ọmọ Afúnni, kú ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú, ìrántí díẹ̀ tó gbà sì padà sórí àwọn ará ìlú. Ohun tí ìwé fi sílẹ̀ láìdáhùn gan-an ni bóyá àwọn tó kù nílé gba ìrántí náà, tí wọ́n sì ti ń kọrin.

Ìbéèrè yẹn, àwa náà jẹ ẹ́. Láti nǹkan bí 2009 ni wọ́n ti yọ iṣẹ́ Ìtàn kúrò nínú ìlànà ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré, ìgbà tó di 2018 ni ìjọba gbé ìlànà tuntun jáde láti dá a padà. Àwọn tó ń bá mi jiyàn lórí Jonas, àárín ọdún wọ̀nyẹn ni ọ̀pọ̀ wọn lọ sílé ẹ̀kọ́. Mo bi wọ́n pé kí ni Ìkòròdú túmọ̀ sí. Méjì dáhùn pé oko odù ni, oko ẹ̀fọ́ odù. Ìyá àgbà wọn ló sọ fún wọn. Àwọn yòókù ń wo ojú ara wọn, ẹnì kan sì mú fóònù jáde láti wò ó.