Ọdẹ, Igbó àti Òkè: Àyẹ̀wò Ìwé Ògbójú Ọdẹ àti Àwọn Iṣẹ́ tí a Fà Yọ Nínú Rẹ̀

Ìfáàrà

Ní ọdún 1936, D.O. Fágúnwà, olùkọ́ tí ó jẹ́ ọmọ Òkè-Igbó, kópa nínú ìdíje ìwé kíkọ tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba gbé kalẹ̀. Ní 1938, ilé ìtẹ̀wé C.M.S. tẹ ìwé náà, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ti ń kà á, tí atúmọ̀ èdè, ayàwòrán àti òǹkọ̀wé eré oníṣe sì ti ń gbé e gba ọ̀nà mìíràn. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé orúkọ tí a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí ń tọ́ka sí ohun tí ẹni tí ó ṣe é dì mú nínú ìtàn náà. Olùkọ́ tí kò bá fiyè sí èyí lè kọ́ ọmọ ní ìtàn igbó, kí ó sì gbàgbé ọdẹ.

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà. Nígbà tí a lọ wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní agbègbè Ìjerò, Ìlórò àti Aramọkọ, a rí ọ̀kan tí ó kọ orúkọ àwọn ọdẹ méjèèje sójú pátákó. Àwọn ọmọ dà á kọ, agogo lù, ẹ̀kọ́ parí. Kò sí ẹni tí ó béèrè ohun tí ó sọ ọdẹ di ògbójú.

Orúkọ mẹ́ta, ojú ìwòye mẹ́ta

Fágúnwà fi ènìyàn ṣáájú nínú orúkọ ìwé rẹ̀: ọdẹ ni ó kọ́kọ́ dárúkọ, kí ó tó dárúkọ igbó. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, ó sọ ọ́ ní The Forest of a Thousand Daemons. Igbó wá bọ́ síwájú, ọdẹ sì di ẹni tí a dárúkọ nínú àkọlé kékeré ìsàlẹ̀. A kò fi èyí bu atúmọ̀ náà kù. Ó mọ̀ọ́mọ̀ lo ọ̀rọ̀ àtijọ́ àwọn Gíríìkì kí òǹkàwé má baà fi Èṣù inú Bíbélì wé àwọn irúnmalẹ̀. Ohun tí àwọn baba wa kà sí irínwó sì di ẹgbẹ̀rún lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí kò lóǹkà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ń tọ́ka sí. Síbẹ̀, ìyanu ibi tí ọdẹ wọ̀ ni àkọlé yẹn gbé sí òǹkàwé lójú, kì í ṣe ìwà ẹni tí ó wọ̀ ọ́.

Ní 1977, nígbà àjọ̀dún FESTAC ní Èkó, eré Langbodo tí Wálé Ògúnyẹmí kọ, tí Dàpọ̀ Adélugbà sì darí, ni Nàìjíríà gbé jáde. Gẹ̀ẹ́sì ni òun náà. Òkè tí àwọn ọdẹ ń lọ ni eré yìí fi sọ orúkọ. Èyí bá àkókò náà mu: orílẹ̀-èdè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ogun abẹ́lé láti 1970 ń wá ohun tí gbogbo ènìyàn lè jọ rìn lọ bá. Ìrìn-àjò ọdẹ di ìrìn-àjò ìlú.

Ọdẹ, igbó, òkè: ẹni tí ń lọ, ibi tí ó ń gbà kọjá, ibi tí ó ń lọ. Ìtàn kan náà ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n bi wá kì í ṣe ọ̀kan náà.

Kàkó àti ìbéèrè ògbójú

Kí ni a pàdánù bí ọdẹ bá kúrò níwájú? Ẹ jẹ́ kí a wo Kàkó. Nígbà tí ó fẹ́ bá Àkàrà-ògùn lọ sí Òkè Lángbòdó, obìnrin tí ó fẹ́ dì mọ́ ọn pé kò ní lọ. Kàkó fà àdá yọ, ó sì pa á. Lẹ́yìn èyí ni ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wá ohun tí yóò mú àlàáfíà bá ìlú. Ó yẹ kí ọmọ tí ó ka ibí yìí dákẹ́ díẹ̀. Ṣé ògbójú ni èyí, àbí ìkà? Ẹni tí ó ta ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé, àlàáfíà wo ni ó ń lọ wá?

Fágúnwà kò dá ìbéèrè náà lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ọba Lángbòdó, kò kọ́kọ́ fi ẹ̀bùn lé wọn lọ́wọ́; ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí Ìrágbèje nínú ilé olójúlé méje, kí wọ́n fi ọjọ́ méje gbọ́ ẹ̀kọ́ ìwà. Akọni tí ó ti ṣẹ́gun ẹ̀bọra jókòó bí ọmọ ilé-ìwé. Ní èrò tiwa, ibí yìí ni ògbójú ti yí padà láti agbára apá sí ìkóra-ẹni-níjàánu. Ìwé yìí yẹ fún ọ̀dọ́ nítorí èyí ju nítorí iwin lọ.

Àwòrán àti ojú inú

Bruce Onobrakpeya ni ó ya àwòrán sínú ìtumọ̀ 1968, iṣẹ́ rẹ̀ sì níyì. Ṣùgbọ́n àwòrán kò lè ṣe gbogbo ohun tí ọ̀rọ̀ ń ṣe. Ojú mẹ́rìndínlógún ni Fágúnwà fún Agbákò, wọ́n sì yí orí rẹ̀ ká. Kò sí ayàwòrán tí ó lè fi gbogbo wọn hàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lójú ìwé. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn orí yóò fara pamọ́. Ojú inú ọmọ nìkan ni ó lè yí Agbákò po. Ó dára kí olùkọ́ ka ibẹ̀ sókè, kí àwọn ọmọ ya tiwọn, kí ó tó fi ti ayàwòrán hàn wọ́n.

Àgbálọgbábọ̀

A kò sọ pé kí a kó ìtumọ̀ àti eré dànù. Bí kò bá sí wọn, ayé ì bá má gbọ́ nípa ìwé yìí tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń tẹnu mọ́ ni ètò: kí ọmọ kọ́kọ́ gbọ́ ọ lédè Yorùbá. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tí òkè yí ilé rẹ̀ ká kò nílò kí a ṣàlàyé òkè fún un. Ohun tí ó nílò ni olùkọ́ tí yóò bi í pé: bí ìwọ bá gun òkè yẹn dé orí, irú ènìyàn wo ni yóò sọ̀ kalẹ̀?