Bárò Kì Í Ṣe Mọ́tò, Kò sì Yẹ Kó Di Mọ́tò

Ẹ̀yin náà ti rí i. Fídíò kan á bọ́ sórí fóònù. Àwọn ọmọ kan ní Ìkòròdú á mú ìpolówó fíìmù ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n á tún un ṣe látòkè délẹ̀ pẹ̀lú ohun tó wà láàárín ilé. Bárò á di mọ́tò, ohun tó yẹ kó wà ní ilé ìdáná á bọ́ síwájú kámẹ́rà. Kó tó dalẹ́, fídíò náà ti kúrò l'Ékòó, ó ti gba Ore kọjá, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwa tá a wà ní Ararọ̀mí-Obu. Ẹni tó fi ránṣẹ́ á kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn: ẹ wo àwọn ọmọ yìí, wọn ò lówó, wọn ò ní irinṣẹ́, síbẹ̀ ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe. Àánú díẹ̀, ẹ̀rín díẹ̀, àtẹ́wọ́ púpọ̀. Ó parí.

Ohun tá a fẹ́ sọ ni pé ìyìn yẹn kéré sí iṣẹ́ náà. Kì í ṣe àìlówó ló mú káwọn Ikorodu Bois dáa. Wọ́n dáa torí pé wọ́n mọ fíìmù kà ju ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sanwó wò ó lọ.

Fún ẹni tí ò bá tíì mọ̀ wọ́n, ọdún 2017 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò àti ìbátan wọn ni wọ́n. Àwọn kékeré ń ṣeré níwájú kámẹ́rà, ẹ̀gbọ́n wọn ń fi fóònù yà wọ́n, ó ń gé e, ó sì ń tò ó. Ní 2020, wọ́n mú ìpolówó fíìmù Extraction, èyí tí Chris Hemsworth jẹ́ olú òṣèré ẹ̀, wọ́n tún un ṣe. Netflix pín in káàkiri. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Russo, tí wọ́n wà lára àwọn tó gbé fíìmù náà jáde, ní káwọn ọmọ náà wá síbi àfihàn apá kejì nígbà tó bá yá. Lọ́dún yẹn kan náà, Netflix fi kámẹ́rà àtàwọn irinṣẹ́ mìíràn ta wọ́n lọ́rẹ. Ìròyìn yẹn dùn, ó sì tàn káàkiri. Àmọ́ ìròyìn nípa iṣẹ́ yàtọ̀ sí iṣẹ́ fúnra ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ náà.

Ohun tó kọ́kọ́ yẹ ká kíyè sí ni bí wọ́n ṣe ń gbé e kalẹ̀. Wọ́n máa ń fi fíìmù gangan àti tiwọn sójú kan náà, kí méjèèjì máa lọ pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bo àléébù mọ́lẹ̀ ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ń sọ fún ẹ pé: wo tiwọn, wo tiwa, kó o dájọ́. Ìran kan nínú ìpolówó fíìmù lè má ju ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì lọ. Láàárín ìwọ̀nba àkókò yẹn, wọ́n ní láti mọ ibi tí kámẹ́rà dúró sí, ṣé nílẹ̀ ni àbí lókè. Wọ́n ní láti mọ ẹsẹ̀ tí òṣèré kọ́kọ́ gbé, apá ibi tó kọjú sí, ìgbà tó mí kanlẹ̀. Kò sí bó o ṣe fẹ́ tún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe àfi tó o bá ti dá a dúró, tó o dá a padà, tó o wò ó títí tó fi sú ẹ. Kíkà nìyẹn. Lámèyítọ́ tó jókòó sórí àga tó kọ ojú ìwé mẹ́wàá nípa fíìmù kan lè má wò ó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n mú àti ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Wọ́n mú ìdúró, wọ́n mú àkókò, wọ́n mú bí ojú òṣèré ṣe rí. Wọ́n fi irin sílẹ̀, wọ́n fi owó sílẹ̀. Àwa tá à ń fi kóòdù jẹun mọ irú ọgbọ́n yìí. O lè kó gbogbo inú ètò kan dànù, kó o fi òmíràn rọ́pò ẹ̀. Bí ẹnu ọ̀nà táwọn yòókù ń gbà bá a sọ̀rọ̀ ò bá ṣáà ti yí padà, iṣẹ́ á máa lọ. Bárò ni inú tuntun, ìdúró àti àkókò ni ẹnu ọ̀nà. Tí àyà wa bá wá ń já bí bárò yẹn ṣe ń bọ̀ tagbáratagbára, ìgbà yẹn la máa mọ̀ pé kì í ṣe mọ́tò ló ń já wa láyà nínú fíìmù àkọ́kọ́. Bí wọ́n ṣe gé e ni. Ojú òṣèré ni. Bárò ti tú àṣírí fíìmù olówó ńlá.

Ìdí tá a fi sọ pé bárò ò gbọdọ̀ di mọ́tò nìyẹn. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni ẹ̀rín ti ń jáde, ibẹ̀ náà ni ọgbọ́n wà. Ẹ̀bùn Netflix dáa, a ò sọ pé kí wọ́n dá a padà. Kámẹ́rà tuntun á jẹ́ kí àwòrán mọ́ sí i, iná á jẹ́ kí alẹ́ ṣeé yà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé mọ́tò gidi síbi tí bárò wà, fíìmù ẹlẹ́ẹ̀kejì lásán ló kù, ó sì dájú pé ti àkọ́kọ́ á lówó jù ú lọ.

Irú iṣẹ́ yìí ò ṣàjèjì sílẹ̀ Yorùbá. Ní oṣù kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ará Scotland, wà ní Ọ̀yọ́ Ilé nígbà ayé Aláàfin Májọ̀tú. Aláàfin ní káwọn eléégún apidán wá ṣeré lójú ẹ̀. Clapperton kọ ohun tó rí sílẹ̀, ìwé ẹ̀ sì jáde ní 1829. Nínú eré náà, ẹnì kan yọ tó funfun bí ìda, ó gbẹ, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Ó ń fa aáṣà símú, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń rìn bí ẹni tí ò fi ẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀ rí. Òyìnbó ni wọ́n ń ṣe. Inú àwọn èrò dùn dẹ́yìn, wọ́n sì ń rọ àlejò náà pé kó jọ̀ọ́ kó wò ó dáadáa. Clapperton fúnra ẹ̀ gbà pé òṣèré yẹn mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn gbé yẹ̀ wò. Òyìnbó gangan jókòó síbẹ̀, Òyìnbó ti apidán ń rìn níwájú ẹ̀, èrò ń wo eléyìí, wọ́n ń wo tọ̀hún. Ohun táwọn Ikorodu Bois ń ṣe lójú fóònù náà nìyẹn. Eléégún yẹn ti wo àwọn àlejò, ó ti kà wọ́n, ó mú ìrìn àti ìṣesí wọn, ó fi ìyókù sílẹ̀. A ò sì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ní Ọ̀yọ́ káàánú ẹ̀ pé ó mà ṣe o, kò rí Òyìnbó gidi fi ṣeré. Iṣẹ́ ni wọ́n wò.

Àwọn ọmọdé pàápàá mọ irú ìdájọ́ yìí. Ní Ararọ̀mí-Obu níbí, bíi ti ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, wọ́n máa ń fi agolo mílíìkì àti sálúbàtà tó ti gé ṣe mọ́tò, wọ́n á so okùn mọ́ ọn, wọ́n á máa fà á kiri. Ẹ dúró tì wọ́n díẹ̀. Ẹ ò ní gbọ́ kí ọmọ kan sọ fún èkejì pé o gbìyànjú, torí pé o ò lówó. Táyà ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò. Ṣé ó ń yí? Kí ló dé tó fì sápá kan? Kí lo fi dá agolo yìí lu? Ẹni tí tiẹ̀ bá dáa jù á jókòó, á fi bó ṣe ṣe é han àwọn yòókù, kó tó di ọjọ́ kejì mọ́tò agolo mẹ́rin ti ń sáré ládùúgbò. Lámèyítọ́ tó pójú owó nìyẹn. Ó le, kì í ponni lásán, ó sì ń mú iṣẹ́ bí iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ fífi bí a ṣe ṣe é han ẹlòmíràn yìí ló gbé wa dé Lomé. Ní 2013, Kodjo Afate Gnikou kó kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti skánà tó ti di pàǹtí jọ, ó fi wọ́n ṣe 3D printer. Ẹ̀rọ yìí máa ń yọ́ ọ̀rá, á máa tò ó ní ìpele-ìpele títí tó fi máa di ohun téèyàn lè dì mú. WoeLab ló ti ṣe é, ibùdó kan tí Sénamé Koffi Agbodjinou dá sílẹ̀ nílùú yẹn. Pàǹtí yẹn ni ayé ń sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ẹ̀yìn pàǹtí gan-an ni ìtàn wà. Ní 2005, Adrian Bowyer ní Yunifásítì Bath nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ RepRap. Wọ́n gbé àwòrán ẹ̀rọ wọn síta gbangba kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè ṣe é, kó sì tún un ṣe bó bá ṣe wù ú. Àwòrán tó ti inú iṣẹ́ yẹn jáde ni ẹ̀rọ Lomé dúró lé. Ohun tí ẹlòmíràn á lọ rà ní ṣọ́ọ̀bù, inú pàǹtí ni Gnikou ti wá ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀. Ó mú ìlànà, ó pa ohun èlò dà. Arákùnrin bárò ni ẹ̀rọ yẹn.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà, ibẹ̀ la sì ti ní ẹjọ́ bá fídíò Ìkòròdú rò. Lomé rí ìlànà kà torí pé ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀. Fídíò tó gbé méjèèjì sójú kan ń fi ohun tó jáde hàn wá. Bó ṣe jáde, olúwarẹ̀ ló máa fojú wá a. Ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko rọ́bà níbí, tó ní fóònù kan tó ti sán, tó sì fẹ́ ṣe irú ẹ̀, ìbéèrè ẹ̀ ò lóǹkà. Báwo lẹ ṣe di fóònù mú tí kò gbọ̀n? Kí lẹ máa ń ṣe tí oòrùn bá ti yí? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ya ìran kan kẹ́ ẹ tó rí èyí tó dáa? Ìdáhùn wọ̀nyí ló yẹ kó máa bá fídíò náà rìn, kó sì jẹ́ lédè tó yé e. Àtẹ́wọ́ ò lè kọ́ ọ.

Ẹjọ́ kejì: fíìmù ẹlòmíràn ni iṣẹ́ wọn ń fara tì. Ẹni tí ò bá rí fíìmù náà rí, ìdajì ẹ̀rín ló máa rín. Ẹ fi wé The Critics Company ní Kaduna, àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi fóònù ya fíìmù nípa ayé tó ń bọ̀. Fíìmù kékeré wọn, Z: The Beginning, jáde ní 2019, J.J. Abrams sì wà lára àwọn tó fi irinṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn. Ìtàn tiwọn làwọn yẹn ń sọ. A ò ní kí Ìkòròdú di Kaduna o. Agbára apidán ni agbára wọn, àpàrá ni iṣẹ́ wọn. Àmọ́ apidán Ọ̀yọ́ ṣe àpàrá ẹni tó jókòó níwájú ẹ̀. Bí bárò bá lè tú àṣírí Hollywood, ó lè tú àṣírí fídíò ìpolongo ìbò, níbi tí olóṣèlú ti ń rìn lórí ọ̀dà dúdú tó ń dán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti há sójú ọ̀nà láti Ṣágámù sí Ore rí mọ ohun tá à ń wí. Ẹ gbé bárò yẹn sínú kòtò, kẹ́ ẹ gbé ọ̀dà olóṣèlú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí méjèèjì máa lọ pọ̀. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ la fẹ́ rí sí i.

Ní ti ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pín in, iṣẹ́ tiyín ò pọ̀. Kẹ́ ẹ tó fi fídíò tó kàn ránṣẹ́, ẹ dá a dúró síbì kan. Ẹ wo tòkè, ẹ wo tìsàlẹ̀. Ẹ wá kọ ohun kan ṣoṣo tẹ́ ẹ rí sábẹ́ ẹ̀ dípò àánú: pé wọ́n gbé kámẹ́rà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí bárò lè ga, tàbí pé àbúrò yẹn yíjú pa dà kó tó tó àkókò. Bó bá sì dùn yín, ẹ sọ pé táyà ẹ̀ ò yí. Ọmọ tó jókòó ti agolo mílíìkì ní Ararọ̀mí-Obu á kà á, á sì mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀.